Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ìjì Lórúkọ

 

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Òkúdu, tí í ṣe oṣù kẹfà, títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Bélú, tí í ṣe oṣù kọkànlá, ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará erékùṣù Káríbíánì máa ń ṣọ́ òkun Àtìláńtíìkì. Àsìkò ìjì họ́ríkéènì nìyẹn. Họ́ríkéènì ni ìjì ńlá tí ó máa ń dìde lórí òkun tí omi rẹ̀ gbóná, tí ó ń yí po bí ààjà, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Bí ó bá kọlu ilẹ̀, a máa ṣí òrùlé, a máa wó ilé, a sì máa gbé omi òkun wọ ìlú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí ni pé ilẹ̀ adúláwọ̀ yìí ni èyí tí ó le jù nínú àwọn ìjì náà ti ń gbéra, àti pé orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ó bá ń gba orí òrùlé wa kọjá yẹ kí ó ní orúkọ ní èdè wa. Orúkọ náà sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a wo ilé kí a tó sọ ọ́, kì í ṣe èyí tí a wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí a tó hun ún.

Ohun tí ó ń kọjá lórí wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun náà fúnra rẹ̀. Ní àsìkò òjò, aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó wà ní àríwá wa máa ń gbóná janjan, nígbà tí agbègbè etí òkun tí ó wà ní gúúsù máa ń tutù jù ú lọ dáadáa. Ìyàtọ̀ ooru yìí ni ó ń bí ìṣàn atẹ́gùn kan tí ó ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè. Odò kì í ṣàn tààrà. A máa yà síhìn-ín, a máa yà sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìṣàn atẹ́gùn yìí ṣe máa ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tí ó ń sáré lórí iyanrìn. Ibi tí ó bá ti tẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní ìgbì. Láti orí ìgbì kan dé orí èkejì lè tó 2,000 sí 4,000 kìlómítà. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí ó lè dúró ní ìlú kan ṣoṣo kí ó fi ojú rí gbogbo ara rẹ̀.

Bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọjá lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń lágbára jù ní oṣù Ògún àti oṣù Ọwẹ́wẹ̀, tí í ṣe oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ó máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò ọjà Yorùbá yóò rí i pé àlàfo yìí kò jìnnà sí ọrún. Bí ìgbì kan bá kọjá lọ́jọ́ ọjà òní, ó ṣeé ṣe kí òmíràn ti máa bọ̀ nígbà tí ọjà yóò bá tún kò. Bí 700 kìlómítà ni ó ń rìn lójúmọ́. Èyí tí ó bá kọjá ní orí òkè Jos lónìí, ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni yóò fi dé Dakar ní etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó ti wà ní itòsí erékùṣù Barbados.

Kì í ṣe gbogbo ìgbì ni ó ń di họ́ríkéènì o. Láàárín ọdún 1991 sí 2020, họ́ríkéènì méje ni ó ń jà lórí Àtìláńtíìkì lọ́dún kan bí a bá pín in dọ́gba, mẹ́ta péré nínú wọn ni ó sì ń le kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó 100 nínú àwọn tí ó le kọjá ààlà yìí jọ, bí 85 nínú wọn ni ìgbì tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà jáde bí. Ìgbì tí ó di Irma kúrò ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó ti wà lórí erékùṣù Barbuda, ó sì sọ ọ̀pọ̀ jùlọ ilé ibẹ̀ di àlàpà. Beryl náà, tí ó kọlu erékùṣù Carriacou ní Grenada ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2024, ọmọ ìyá kan náà ni.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ ìgbì yìí. Ní ọdún 1939, Henry Hubert tí ó ṣiṣẹ́ ní Dakar kọ̀wé pé Áfíríkà ni orísun họ́ríkéènì kan tí ó jà lórí Àtìláńtíìkì. Ní ọdún 1969, Toby Carlson ti Amẹ́ríkà tọ ipasẹ̀ mẹ́ta padà láti orí òkun dé ilẹ̀ Áfíríkà. Nílé níbí, Hamilton àti Archbold kọ̀wé lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1945, wọ́n sì ṣàlàyé àwọn òjò oníjì tí ó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá láti ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bayo Omotosho, tí ó di àgbà olùkọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní Àkúrẹ́, ya òjò tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń mú wá sọ́tọ̀ kúrò lára òjò tí atẹ́gùn òkun ń mú wá. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. P. Obasi, ọmọ Ògòrì, ni ó sì jẹ́ akọ̀wé àgbà fún àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ojú ọjọ́ láti ọdún 1984 títí di 2003. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kò ní onímọ̀. Èdè tí ìmọ̀ náà lè gbà wọlé tọ ará oko ni a kò tíì ní.

Ohun tí a ń rí ní Ayépé

Kí a sọ òtítọ́, ọ̀kánkán Kánò, Sókótó àti Niamey ni àárín ìgbì wọ̀nyí máa ń gbà ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Etí aṣọ rẹ̀ ni ó ń kan àwa ará gúúsù. Ṣùgbọ́n etí aṣọ náà tó í ṣí òrùlé.

Ẹ wo Ayépé-Ìjẹ̀bú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dọ̀gbolú, níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá dúró ní ìta gbangba ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní àsìkò òjò, atẹ́gùn tí ẹ ó gbọ́ lára yín, láti ìhà òkun ni ó ti ń bọ̀. Ìkùukùu tí ó wà nísàlẹ̀ yóò máa bá a lọ sí apá òkè ilẹ̀. Síbẹ̀, bí òjò oníjì bá fẹ́ dé, apá Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹni ń ti Oǹdó bọ̀, ni ó ti máa ń ṣú, apá Ṣágámù ni yóò sì kọrí sí. Òjò ń rìn lòdì sí atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ sí wa lára! Àgbẹ̀ tí ó sá kòkó mọ èyí láìka ìwé kan. Bí ó bá rí i tí ìlà-oòrùn dúdú, tí atẹ́gùn dáwọ́ dúró, tí ooru sì mú, kò ní dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó kó kòkó rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀fúùfù tútù yóò dé, tòun ti eruku àti ewé gbígbẹ, kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán. Àwọn baba wa ní Ọya ni ó ń ṣáájú Ṣàngó ọkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní òjò tí ó ti ń rọ̀ lókèèrè ni ó mú kí afẹ́fẹ́ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó wá sílẹ̀, ó sì tàn káàkiri níwájú òjò. Ìtàn kan wá láti ojúbọ, èkejì láti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn lórí ẹni tí ó ń kọ́kọ́ dé.

Atẹ́gùn òkè àti atẹ́gùn ìsàlẹ̀

Kí ni ó fà á tí òjò fi ń bọ̀ láti ibi tí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ kò ti wá? Ìdí ni pé atẹ́gùn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ó wà nílẹ̀ ń ti òkun bọ̀. Èyí tí ó wà ní kìlómítà mẹ́ta sókè ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Òmíràn tún wà ní kìlómítà méjìlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí eré rẹ̀ ju ti méjèèjì lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrìn atẹ́gùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wind shear. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní àìjọrìn atẹ́gùn ná. N ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ méjì tí ó takora ni àìjọrìn yìí ń ṣe. Ní orí ilẹ̀ wa, ó ń ran òjò oníjì lọ́wọ́. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń gòkè ni oúnjẹ òjò bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó ń dáná ni ọ̀rọ̀ náà rí: bí omi ìkòkò bá ń dà sínú iná gan-an, iná yóò kú, bí ó bá ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná yóò máa jó lọ. Àìjọrìn atẹ́gùn ni ó ń mú kí òjò máa rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò fi ní pa afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wọ́ ìjì kan fi lè rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ láìrẹ̀ ẹ́.

Ní orí òkun, ọ̀tá họ́ríkéènì ni. Họ́ríkéènì fẹ́ dúró ṣánṣán bí alárù tí ẹrù rẹ̀ tò léra wọn lórí. Bí atẹ́gùn òkè bá ń ti ẹrù síhìn-ín nígbà tí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lọ sọ́hùn-ún, ẹrù yóò dànù. Bí ìyàtọ̀ náà bá ti ju nǹkan bí 37 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ó máa ń ṣòro fún ìjì náà láti gbérí, kódà bí omi òkun bá gbóná tó bí ó ti yẹ. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣọ́ ìgbì ní Miami kì í fi í wo ooru omi nìkan. Wọ́n ń wo àìjọrìn pẹ̀lú.

Èkẹta ni èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, òun ni ó sì kan ẹ̀mí wa jù. Bí bàálù bá ń gbéra tàbí tí ó ń balẹ̀, tí atẹ́gùn tí ó kọjú sí i bá yí padà lójijì tí ó wá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù ilé-iṣẹ́ ADC já lulẹ̀ ní Àbújá kété tí ó gbéra. Nínú ènìyàn 105 tí ó wà nínú rẹ̀, 96 ni ó kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára wọn. Àbọ̀ àwọn olùwádìí ìjọba ni pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nígbà tí ó hàn pé ojú ọjọ́ kò dára, kò sì tẹ̀lé ìlànà tí a fi ń yọ bàálù kúrò nínú àìjọrìn atẹ́gùn. Mo bi yín: ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí èèyàn rẹ̀ bá kú nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, gbólóhùn wo ni a ó fi sọ fún un ohun tí ó pa á? Ṣé "atẹ́gùn burúkú" náà ni a ó máa wí?

Orúkọ wo ni yóò bá a mu?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú kíláàsì, mo ní kí wọ́n fi Yorùbá pe wind shear. Ọ̀kan kọ "gígé atẹ́gùn." Òmíràn, tí ó mọ Bíbélì dáadáa, kọ "ìrẹ́run atẹ́gùn," nítorí pé irú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni wọ́n ń lò fún rírẹ́ irun àgùtàn. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ojú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ náà ń wò, wọn kò wo ojú ọ̀run.

Àwọn kan dá "ìtakora atẹ́gùn" lábàá. Èyí sàn díẹ̀, nítorí ó wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé atẹ́gùn méjì lè máa lọ sí ibì kan náà, kí eré ọ̀kan ju ti èkejì lọ. Wọn kò takora, síbẹ̀ ohun tí à ń wí wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn mú "ìyapa atẹ́gùn" wá. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ yóò nílò rẹ̀ fún ohun mìíràn, ìyẹn ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ káàkiri kúrò lójú kan. Bí a bá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n sọ àbúrò, kí ni a ó wá pe ẹ̀gbọ́n?

"Àìjọrìn" ni mo yàn. Ẹni méjì tí kò bá jọ rìn, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà wọn ni kò papọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀ ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sáré, èkejì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì tí ìmọ̀ náà ń fẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe kan. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àì-" ni a ń lò nínú àìsùn, àìjẹun àti àìgbọràn. Ó sì lè bímọ: àìjọrìn ilẹ̀ fún èyí tí awakọ̀ bàálù ń bẹ̀rù, àìjọrìn òkè fún èyí tí ń fọ́ họ́ríkéènì, ìjọrìn atẹ́gùn fún ìgbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò lè bímọ kì í pẹ́ nínú èdè.

Fún ìgbì tí ó ń kọjá lórí wa, "ìgbì ìlà-oòrùn" tó. Fún ìṣàn tí ó gbé e, "ìṣàn atẹ́gùn" ni mo ti ń lò láti òkè wá, ẹ kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sì yẹ kí ó yani lẹ́nu. Ọya tí ó ni ìjì ni ó ni odò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Niger; Odò Ọya ni àwa ń pè é. Àwọn baba wa ti fi orúkọ kan pe atẹ́gùn àti omi tí ń ṣàn kí ẹnikẹ́ni tó fi bàlúùnù wọn atẹ́gùn òkè. Orúkọ yìí náà bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Kúbà àti Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ọya di òní. Nígbà tí ìjì bá jà ní Kúbà, orúkọ tí ó ti ilé wa lọ ni ọ̀pọ̀ ń pè.

Ní ti họ́ríkéènì fúnra rẹ̀, mo gbà kí a yá a lò. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a ni. Láti ẹnu àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ erékùṣù Káríbíánì, ni ó ti wọ èdè Sípéènì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ohun kan ń jà ní ilé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Taíno ni ó ń jà ní ilé wọn, wọ́n sì sọ ọ́. Ìgbì àti àìjọrìn ń kọjá ní ilé tiwa. Àwa ni ó kàn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípéènì ni wọ́n ń sọ ìjì kọ̀ọ̀kan tí ó bá dìde lórí Àtìláńtíìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó gba orúkọ ní ìdálẹ̀, ó yẹ kí ó ti ní orúkọ nílé.

Àwọn tí kò ní gbà

Mo mọ̀ pé oríṣi ènìyàn méjì ni yóò bá mi jiyàn. Èkínní ni ẹni tí yóò ní kí ni ẹni tí ń ro oko ẹ̀gẹ́ fẹ́ fi àìjọrìn atẹ́gùn ṣe, ṣebí ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn mi ni pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi òjò gbé ènìyàn tí ó lé ní 100 lọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kan náà ní ọdún 1980, Ògùnpa ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kò yẹ ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni wò. Ìkìlọ̀ tí a kò bá lè sọ ní èdè ẹni tí ó ń gbé etí odò kì í ṣe ìkìlọ̀ fún un.

Èkejì ni ẹni tí yóò ní kò sí ohun tuntun kankan, gbogbo rẹ̀ ni àwọn baba wa ti mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn àwọn baba wa, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n mọ ìjì, wọ́n mọ ìhà tí ó ti ń bọ̀, wọ́n mọ ohun tí ń ṣáájú rẹ̀. Ìgbì tí ó gùn ju 2,000 kìlómítà lọ ni wọn kò lè rí láti orí òkè kan ṣoṣo. Bíbu ọlá fún wọn kò ní kí a fi ohun tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ju ìyẹn lọ: èdè tí ó lè pe ohun tuntun ní orúkọ.

Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ní ọ̀rọ̀ tí à ń lò di òní. Ọ̀rọ̀ bíi fónẹ́tíìkì àti mọfíìmù ti di ti wa nínú kíláàsì. Kí ni ó dé tí ojú ọjọ́ kò fi ní rí tirẹ̀ gbà? Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà fi ẹ̀rọ wọn atẹ́gùn àti ìkùukùu ní ìlú mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ìlú Yorùbá. Ojú ọ̀run wa ni wọ́n ń kà. Ó yẹ kí àwa náà lè ka ohun tí wọ́n bá kọ.

Ohun tí ó kù láti ṣe

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ó sì ti ń gbìyànjú láti mú un dé inú àwọn èdè abínibí. Ó yẹ kí a yìn wọ́n, kí a sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí títúmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ju títúmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ iyèméjì. Bí onímọ̀ bá sọ pé ìdá 70 nínú 100 ni ìrètí òjò, tí olùtumọ̀ sì wí pé "òjò yóò rọ̀," ó ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ di ìlérí. Bí òjò kò bá rọ̀, òpùrọ́ ni àgbẹ̀ yóò pe onímọ̀. Bí ó bá sì ní "ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀," kò sọ nǹkan kan. Ìgbà wo ni kò ṣeé ṣe? Èmi ì bá wí pé: "Nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọjọ́ bá rí báyìí, òjò máa ń rọ̀ ní méje." Ìṣirò ọjà nìyẹn. Ìyá tí ń ta gààrí yóò gbọ́ ọ, yóò sì mọ ohun tí òun yóò fi ṣe.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ agbára atẹ́gùn. A ní atẹ́gùn tí ń tu ni lára, a ní ẹ̀fúùfù tí ń mi igi, a ní ìjì tí ń ṣí òrùlé, a ní ààjà tí ń yí po. Bí NiMet, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn àgbẹ̀ bá jókòó pọ̀, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún, a ó ní òṣùwọ̀n tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní yé. Lónìí, "ìjì" ni a fi ń pe ohun gbogbo, láti orí èyí tí ó gbé fìlà títí dé orí èyí tí ó gbé ilé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wá fẹ́ bẹ̀ níṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè yín, àti àsìkò àti ìhà tí ó ti máa ń wá. Ẹ má fi mọ sí Ìjẹ̀bú. Ẹ bi àwọn Ìlàjẹ tí ń pẹja lójú òkun, nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè dojú dé kì í fi ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ṣeré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Ó ṣeé ṣe kí a rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó dára ju àìjọrìn lọ. Bí a bá rí i, tayọ̀tayọ̀ ni n ó fi tèmi sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu kò pọ̀ mọ́, ikú kì í sì í dúró de ìwádìí.

Ní ọrún òní, bí ọ̀run bá ṣú láti ìlà-oòrùn, ẹ wòkè dáadáa. Ẹ wo ìkùukùu ìsàlẹ̀ bí ó ti ń lọ sí apá kan, kí ẹ sì wo ti òkè bí ó ti ń lọ sí apá kejì. Kí ẹ wá sọ fún ẹni tí ó dúró tì yín, ní èdè Yorùbá, ohun tí ẹ rí.